Ẹni Tó Ni Àgọ́

Ọkọ mi kò ka ìwé kankan délẹ̀ rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ òun ni gbogbo mọ́sáláṣí wa ní Peckham ń pè ní onímọ̀ ìtàn. Èmi ni mo ka ìwé. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, tí mo sì lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní láíbìrì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó wọ agbádá, kó dúró níwájú èèyàn, kó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó wá máa kà. Mi ò bínú sí i nígbà náà. Ìsinsìnyí ni mò ń bínú, mo sì fẹ́ bínú dáadáa kí ara mi tó tutù.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹ̀sìn wa máa ń pàdé ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìrun Àìlà, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn Rye Lane tó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀. Alága ẹgbẹ́, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í pariwo, ní àwọn ọmọ tí a bí sí London kò mọ̀ pé àwọn ọba Mùsùlùmí ti wà ní Áfíríkà kí òyìnbó tó dé. Ó ní kí ẹni tó bá mọ ìtàn ìjọba kan dìde. Ọkọ mi ti dìde kí bàbá tó pa ẹnu dé. Ó ní òun máa sọ̀rọ̀ lórí Agadez, ìjọba àwọn Tuareg, àwọn oníṣòwò inú aginjù, fún Sọ́ńdè mẹ́ta gbáko. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa Agadez kò ju pé ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbà lọ sí Libya.

Ó délé, ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀.

“Ìyá àwọn ọmọ,” ó ní, “bá mi wá ìwé lórí Agadez. Fi ọba àti góòlù sí i dáadáa.”

Kíṣìnì ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lápá Old Kent Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti fọ ìkòkò ọ̀sán tán, màá wọ bọ́sì lọ sí láíbìrì, òórùn ata ilẹ̀ àti ọṣẹ ṣì wà lára mi. Mo rò pé ìtàn ogun àti ẹṣin lásán ni n óò bá pàdé. Irọ́ ni mo ń pa. Àwọn èèyàn yẹn lórí kunkun, mo sì fẹ́ràn wọn lójú ẹsẹ̀.

Ìran kan nínú wọn kì í gbà kí ìran kejì jọba lé òun lórí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ara wọn ni pé nígbà tí ìjà sú wọn, wọ́n rán àwọn àgbà lọ sí Istanbul láti lọ tọrọ ọba, torí pé ẹni tí kò ní ẹbí láàárín wọn nìkan ni gbogbo wọn lè fara mọ́. Wọ́n ní ọmọ tí ẹrúbìnrin bí fún ọba ibẹ̀ ni wọ́n fún wọn mú bọ̀. Àwọn onímọ̀ ní kò dájú pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Èyí tó dájú ni pé bí ọba Agadez bá ti sú àwọn ìran wọ̀nyẹn, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn síbẹ̀, ilẹ̀ kò sì ní mì. Ààfin rẹ̀ wà lẹ́bàá mọ́sáláṣí tí wọ́n fi amọ̀ kọ́, tí ilé ìpèrun rẹ̀ ga fíofío, tí àwọn igi yọrí síta lára rẹ̀ káàkiri. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n ní ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà, ṣùgbọ́n mo gbà fún ọkọ mi: ohùn rẹ̀ dára. Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ó ka ìtàn ọba tí wọ́n lọ tọrọ yìí. Lẹ́yìn kọ́tìnì tó pín àwa obìnrin sọ́tọ̀, ẹni tó jókòó tì mí fi ìgbúnwọ́ gbún mi.

“Alhaja, ọkọ yín mọ̀wé o!”

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìgbéraga tilẹ̀ gùn mí díẹ̀, bí ẹni pé ọmọ mi ló ń ka ìwé.

Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ ilé báyìí, torí òun ni ìdí ọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé London, èmi, òun àti ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo tó ṣì ń rákòrò, káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, fún wa ní fúláàtì lápá Walworth. Òyìnbó tó mú ìwé wá bi wá pé orúkọ ta ni kí òun kọ. Ọkọ mi ju ọwọ́ síta. Ó ní ọdún márùn-ún péré lòun máa lò ní ìlú yìí, ilé òun wà ní Ìṣẹ́yìn, òun kò ní fi orúkọ òun sínú ìwé ilé tí kì í ṣe ti bàbá òun. Ó ní, “Kọ tìyàwó mi.” Òyìnbó kọ tèmi, èmi nìkan.

Ọdún márùn-ún yẹn! Ta ni kò jẹ ẹ́ lẹ́nu nínú wa? Gbogbo àwa tí a jọ dé ló sọ ọ́. Torí rẹ̀ la kò fi ra bẹ́ẹ̀dì tó dáa, torí rẹ̀ la fi gbé àpótí sórí wọ́dúróòbù láìtú u tán. Ọdún márùn-ún di mẹ́wàá, ó di ogún, ó ré kọjá. Àpótí ṣì wà lókè, orúkọ mi sì ṣì dá wà lórí ìwé ilé.

Lẹ́nu wa ṣá, ilé rẹ̀ ni. “Ilé mi” ló ń pè é. “Ilé ọkọ mi” lèmi náà ń pè é, ní mọ́sáláṣí, níbi iṣẹ́, lórí fóònù bí mo bá ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi. Kò sí ẹni tó fipá mú mi sọ ọ́. Ìbínú tí mo ní sí ara mi lórí èyí pọ̀ ju èyí tí mo ní sí i lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, lẹ́tà káńsù dé. Wọ́n ti ń wó estate wa díẹ̀díẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ti wá kan blọ́ọ̀kù tiwa. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ni wọ́n máa fún ní fúláàtì tuntun. Aṣojú wọn ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé Sọ́ńdè kẹta láti wá kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń kó lọ. Ọkọ mi ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí i tó kà délẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti gba fọ́ọ̀mù kan wá.

“Sign níbí,” ó ní. “Kí wọ́n gbé tenancy bọ́ sí orúkọ mi before wọ́n tó kó wa.”

“Èmi ńkọ́?”

“Ṣebí ọmọ rẹ máa tó bímọ. Lọ́dọ̀ ẹ̀ ni wàá wà. Ta ló máa bá a wẹ ọmọ? Kí lo fẹ́ fi new flat ṣe?”

Ohun tí kò fẹnu kàn ni obìnrin tó fẹ́ sí Deptford. Wọ́n ti so yìgì wọn láti bí oṣù mélòó kan. Ọjà Deptford ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí mo ti ń yan ẹja, lẹ́nu ẹni tó rò pé mo ti mọ̀. Mo yan ẹja mi tán, mo sanwó, mo wọ bọ́sì. Yàrá kan ṣoṣo ni ìyàwó tuntun náà ń gbé, wọ́n sì ní ó ń ráhùn pé ó há.

Mi ò bá a jà torí ìyàwó. Ẹ̀sìn gbà á láyè, mo sì ti dàgbà kọjá kí n máa jowú. Ṣùgbọ́n kí n kó jáde kí ẹlòmíràn lè ráyè kó wọlé? Kò sí alfa tó máa fi ibi tí wọ́n kọ ìyẹn sí hàn mí. Mo gba fọ́ọ̀mù náà, mo fi í sábẹ́ agolo tíì, mo sì bá a lọ wá ìtàn tí yóò kà ní Sọ́ńdè kejì. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí mo ṣì ń kọ ọ́ fún un. Mi ò mọ̀. Ó ti mọ́ mi lára, bẹ́ẹ̀ ni mo sì fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yẹn ṣe parí.

Ìtàn iyọ̀ ló kàn. Lọ́dọọdún, bí ooru bá ti rọlẹ̀, wọ́n á kó ràkúnmí jọ rẹpẹtẹ, wọ́n á gbé jéró lé wọn, wọ́n á forí lé ìlà-oòrùn lọ sí Bilma. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti fi jéró gba iyọ̀ àti dàbínù, tí wọ́n á sì kó o dé ilẹ̀ Hausa lọ tà. Iyanrìn nìkan ló wà lójú ọ̀nà, kò sí koríko rárá. Nítorí náà, wọ́n á di koríko tí ràkúnmí máa jẹ dání láti ilé, wọ́n á máa fi sílẹ̀ ní ìdì ní ìdì lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń lọ, pé èyí ni ti àbọ̀. Kò sí olùṣọ́ níbẹ̀. Ẹlòmíràn á kọjá, ràkúnmí tirẹ̀ á sì máa kú lọ nítorí ebi, kò ní fọwọ́ kàn án.

Mo ronú sí koríko yẹn fún ọjọ́ mélòó kan. Bí mo ti ń gé káróòtì fún àwọn arúgbó, òun ni mò ń rò.

Mo tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe iyọ̀ nìkan ni wọ́n tà, pé wọ́n ta èèyàn pẹ̀lú, àwọn ènìyàn dúdú láti gúúsù, tí wọ́n dè mọ́ra wọn gba inú iyanrìn yẹn kọjá. Ọkọ mi ń gé èékánná nígbà tó bi mí pé kí ló wà nínú tọ̀sẹ̀ yìí. Mo sọ fún un.

“Yọ ẹrú kúrò,” ó ní, kò gbójú sókè. “Wàásù la fẹ́ ṣe, a ò lọ court.”

Mo yọ ọ́. Ojú tì mí láti yọ ọ́, mo sì yọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ka ìtàn iyọ̀, wọ́n kígbe “Allāhu Akbar,” alága sì fún un ní ìgò oyin kan.

Lọ́jọ́ Alámìsì ọ̀sẹ̀ náà, alága wá sílé wa. Ọkọ mi ló lọ pè é. Mo se tíì, mo gbé bísíkíìtì kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Bàbá náà mu tíì dé ìdajì kó tó sọ̀rọ̀.

“Alhaja, ilé ọkọ nilé obìnrin. Ẹ fọwọ́ sí paper yẹn kí ọkàn wọn balẹ̀. Kò yẹ kí káńsù wá dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya.”

“Ẹ ṣeun, sà.”

“Ṣé ẹ máa sign ẹ̀?”

“Mo gbọ́, sà.”

Kò sí ẹni tó bi mí pé níbo ni n óò máa sùn. Àwọn ọkùnrin méjì jókòó sórí àga tí mo fi owó iṣẹ́ mi rà, wọ́n ń pín mi jáde kúrò níbi tí mo ti ń sùn láti ìgbà tí irun mi ti dúdú, mo sì ń bu ṣúgà sí tíì wọn. Nígbà tí alága ń wọ bàtà, ó gbàdúrà fún mi pé kí Ọlọ́run fún mi ní sùúrù. Mi ò ṣe àmín.

Lọ́jọ́ kejì ni mo ka ojú ewé tí mo ti ń fò. Ọba àti góòlù ni ọkọ mi ní kí n wá, nítorí náà, gbogbo ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ilé ni mo ti ń ṣí kọjá. Inú bọ́sì ni mo wà. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà, bọ́sì sì gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀. Mo rìn padà nínú òjò wínniwínni, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára.

Mo kọ ọ́ sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Ọkọ mi kì í kà á tẹ́lẹ̀, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde ló ń gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí kò tilẹ̀ bi mí pé kí ló wà níbẹ̀, nítorí fọ́ọ̀mù ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó fi ìka kan agolo tíì, ó ní, “Kó tó di Tuesday o.” Mo ní, “Mo gbọ́.” Mo nà án ní ìwé rẹ̀.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ka bí ọba Songhai ṣe wá ṣẹ́gun Agadez, ó ka bí àwọn Faransé ṣe dé nígbẹ̀yìn. Ó dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ọkùnrin ló ń fi láwàní bo ojú láàárín wọn, tí obìnrin ń ṣí ojú sílẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé òun ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ṣí ojú ewé, ó sì fi ohùn tó dára yẹn kà á lọ:

“Nínú aginjù wọn, obìnrin ló ni àgọ́. Ìyá rẹ̀ àti àwọn obìnrin ìdílé rẹ̀ ló ń bá a ṣe é nígbà tó bá ń lọ́kọ. Ọkọ ló ń wá bá a níbẹ̀. Bí wọn kò bá fẹ́ ara wọn mọ́, ọkùnrin á gun ràkúnmí rẹ̀, á mú idà rẹ̀, á máa lọ. Obìnrin kò ní kó jáde, àgọ́...”

Ó wo ìwé náà bí ẹni tí eegun ẹja há sí lọ́fun. Lẹ́yìn kọ́tìnì, obìnrin kan tú ẹ̀rín, òmíràn gbè é. Ìyá àgbà kan tó jókòó nínú àga níwájú wa, tí etí rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, gbóhùn sókè:

“Ẹ̀yin alfa, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà, jọ̀wọ́. Ta ni wọ́n ló ni ilé?”

Kò sí bó ṣe máa ṣe é. Ó tún un kà. Ó sì kà á parí: àgọ́ kò ní kúrò níbi tó wà. Alága ń wo ilẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa tẹ̀súbáà rẹ̀.

A wọ bọ́sì padà sílé. A ti ilẹ̀kùn, ó sì bú jáde.

“O dójú tì mí! Níwájú alága! Àwọn ará bush tó ń sùn nínú iyanrìn lo fẹ́ kí n máa tẹ̀ lé? Nínú Agadez gan-an, nínú ìlú, ṣebí ilé amọ̀ ló wà níbẹ̀? Ọkùnrin ló ń kọ́ ọ! Ọkùnrin ló ni ín!”

Òótọ́ ló sọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ìlú àti ti aginjù kì í ṣe ọ̀kan náà.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ tiwa yìí?” mo bi í. “Káńsù ló kọ́ ọ.”

Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní bí mi ò bá sign, òun kò ní í jẹ oúnjẹ mi mọ́. Mo bọ́ sínú ilé ìwẹ̀, mo ṣí ẹ̀rọ omi kó má gbọ́ mi, mo sì sunkún. Kì í ṣe pé mo kàn ń bínú. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí rí. Òun ló pọ̀n ọmọ wa sẹ́yìn ní Walworth Road nígbà tí ara mi kò yá, tí àwọn ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, tí kò sì dá wọn lóhùn. Mi ò mọ ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn jáde nínú ilé wa.

Mo pe ọmọ mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí àgọ́ àti ràkúnmí. Ó ní:

“But Mummy, Daddy ò ní camel. Freedom Pass tó fi ń wọ bus free ló ní, innit.”

Èmi pẹ̀lú rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ní inú ń dun òun, kí n jẹ́ kí òun sinmi. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, “Mummy, please, ẹ má sign anything. Tí ẹ bá wá, ẹ wá as visitor.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aṣojú káńsù dé, ọmọbìnrin òyìnbó kan tó gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ dání. Ọkọ mi ti wọ yàrá lọ, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lábẹ́ agolo tíì síbẹ̀, ìlà tó yẹ kí n fọwọ́ sí ṣófo. Mo se tíì fún ọmọ náà. Ó bi mí bóyá èmi ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé. Mo ní èmi ni. Mo tún un sọ, torí pé ó dùn lẹ́nu mi: èmi ni mo ni ilé yìí.

Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni wà tí a jọ ń kó lọ sí ilé tuntun.

Mo wo ilẹ̀kùn yàrá. Mo dúró, kí ọkọ mi lè rí àyè jáde, kó wá sọ ọ̀rọ̀ kan, kó tilẹ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń ṣe. Ọkùnrin tó sọ̀rọ̀ fún Sọ́ńdè mẹ́ta kò yọjú. Tíì ọmọ náà ti ń tutù.

Mo sọ fún un pé ọkùnrin kan ń gbé níbí, àmọ́ ó ń kó lọ sí Deptford ní Sátidé.

Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nínú yàrá, mo gbọ́ tí ọkọ mi gun orí àga, tó ń wọ́ àpótí ọjọ́un sọ̀ kalẹ̀ láti orí wọ́dúróòbù.